Àgúnmu òwò ti fẹ́ di májèlé: Bí ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń jẹ dátà yín, àti ohun tí ẹ lè ṣe sí i

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Irọ́ kọ́. Ọjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nípa rẹ̀, bó ti wù kó dára tó, orí àtẹ ni eruku yóò bò ó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lo àgúnmu rí mọ̀ pé ó ní ìwọ̀n. Bí wọ́n bá ní kéèyàn fi ṣíbí kan po ẹ̀kọ gbígbóná mu, tó wá da gbogbo rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe ìlera ló ń wá mọ́, wàhálà ló fi owó ara rẹ̀ rà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì bá wa dé nìyẹn.

Kò sí ẹni tó ń fi fóònù ka ìròyìn tí kò mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ ṣí ìròyìn kan, ẹ ò tí ì ka ìlà méjì tí àwòrán ńlá kan fi bo gbogbo ojú fóònù. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa á dé, àmì X tí ẹ rí kò fẹ́ẹ̀ tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó gbé yín lọ síbi tí ẹ ò fẹ́ lọ. Ẹ padà, fídíò kan ti ń pariwo nísàlẹ̀. Èyí tó wá dunni jù níbẹ̀ ni pé dátà tí ẹ fi owó ara yín rà ni gbogbo wọn ń gùn wá bá yín.

Nínú ẹ̀kọ́ tòní, a fẹ́ ṣàlàyé ibi tí àṣà yìí ti ṣẹ̀ wá, iye tó ń ná òǹkàwé, ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti ohun tó yẹ kí ẹ̀yin oníṣòwò tó ń polówó kọ́ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá

Ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá, ọdún 1994, ni ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ HotWired kọ́kọ́ gbé àwọn ìpolówó gbọọrọ gbọọrọ sójú òpó rẹ̀. Ti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T wà lára wọn. Ìpolówó wọ̀nyí kò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, wọn kò sì pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn jókòó sí àyè wọn, ẹni tó bá wù ló ń tẹ̀ wọ́n. Nígbà tó ṣì jẹ́ ohun tuntun, àwọn èèyàn tẹ̀ wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú òǹkàwé ń fò wọ́n, bí ẹni tó ń gba ojú títì kan náà kọjá lójoojúmọ́, tí kò rí pátákó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mọ́.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, èyí tó ń yọ síni lójijì dé, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní pop-up. Ọ̀gbẹ́ni Ethan Zuckerman, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Tripod nígbà náà, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tripod máa ń fún aráàlú láyè lọ́fẹ̀ẹ́ láti kọ ohun tó bá wù wọ́n sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan wá fárígá nígbà tó rí ìpolówó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ rírùn tí ẹnì kan kọ síbẹ̀. Zuckerman bá ṣe kóòdù kan tí yóò máa gbé ìpolówó jáde nínú fèrèsé tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé oníṣòwò àti ọ̀rọ̀ ìsọkúsọ jọ ń rìn ni. Nínú oṣù Kẹjọ, ọdún 2014, ó kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn The Atlantic ní Amẹ́ríkà, ó tọrọ àforíjì. Ó ní èrò rere ni àwọn fi ṣe é.

Èrò rere ni lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀kùn ti ṣí. Nígbà tó fi máa di ọdún 2001, ìpolówó kámẹ́rà X10 ti gbajúmọ̀ káàkiri ayé fún bó ṣe ń sá pamọ́ sábẹ́ ohun tí èèyàn ń kà, tó jẹ́ pé ìgbà téèyàn bá parí ni yóò tó rí i. Lórílẹ̀-èdè wa, àsìkò kàfé la wà nígbà náà. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan láti wo lẹ́tà rẹ̀ yóò máa pa fèrèsé ìpolówó dé lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ aago tó ń ka owó rẹ̀ kò ní dúró dè é.

Ta ló ń sanwó ọ̀fẹ́?

Ọ̀pọ̀ ojú òpó tí à ń kà lọ́fẹ̀ẹ́, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Apolówó ló ń sanwó. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀: kí ó san iye kan fún gbogbo ìgbà tí ìpolówó rẹ̀ bá hàn ní ìgbà 1,000, tàbí kí ó sanwó nígbà tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fojú kékeré wo òwò yìí o. Lọ́dún 2023 nìkan, owó tí Google rí nínú ìpolówó lé ní bílíọ̀nù 237 dọ́là.

Bí wọ́n ṣe ń ta ìpolówó náà ló yẹ kó yé yín. Bí ẹ bá tẹ ojú òpó kan báyìí, kó tó hàn tán, wọ́n lè ti lù yín ní gbàǹjo. Ẹ̀rọ kan yóò kéde pé ẹnì kan ń bọ̀, Ìbàdàn ló wà, irú fóònù báyìí ló ń lò, ó sì wo bàtà lánàá. Ẹ̀rọ àwọn apolówó yóò máa dá iye tí wọ́n lè san. Ìpolówó ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù ni yóò yọ sí yín. Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ẹ wo bàtà lánàá kò ṣẹ̀yìn àwọn fáìlì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní kúkì, èyí tí àwọn ojú òpó ń fi pamọ́ sínú fóònù yín láti fi dá yín mọ̀.

Wàyí o, kí ló dé tí ìpolówó wọ̀nyí fi ń le sí i? Ìdí rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Owó tí wọ́n ń san lórí ìgbà 1,000 kì í pọ̀, nítorí náà ẹni tó ni ojú òpó yóò fi ìpolówó kún ìpolówó. Bí wọ́n bá ti pọ̀ jù, ojú òǹkàwé yóò máa fò wọ́n. Bí ojú bá ti ń fò wọ́n, apolówó yóò ní iye tí òun ń san ti pọ̀ jù, yóò já a wálẹ̀. Bí owó bá já wálẹ̀, ẹni tó ni ojú òpó yóò tún fi òmíràn kún un, èyí tó ń pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń yí po nìyẹn, orí òǹkàwé ló sì ń fọ́ sí.

Ohun tó ń ná yín

Dátà ni àkọ́kọ́. Nínú oṣù Kẹwàá, ọdún 2015, ìwé ìròyìn The New York Times yẹ ojú òpó ìròyìn 50 wò lórí fóònù. Wọ́n rí i pé ó ju ìdajì dátà tí wọ́n ń jẹ lọ tó jẹ́ ti ìpolówó àti ohun tó rọ̀ mọ́ ọn. Ojú òpó Boston.com gba nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 39 kó tó ṣí tán. Nígbà tí wọ́n yọ ìpolówó kúrò, kò gbà ju bíi 8 lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣe ìṣirò tiwa. Ká ní ojú ìwé ìròyìn kan jẹ́ 4MB, tí ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ìpolówó. Ẹni tó ń ka irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ 10 lóòjọ́ ti jẹ 20MB fún ìpolówó nìkan. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó ti di 600MB. Ẹ wo iye tí ẹ ń ra 1GB, ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó bá ìpolówó lọ. Ẹ sì rántí pé nínú oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ lè fi owó kún owó wọn títí dé ìdá 50 nínú 100. Ẹni tí kò ní in lọ́kàn láti ra ohunkóhun wá ń san owó ọkọ̀ fún alájàpá tó wá kàn án lára nílé rẹ̀.

Èkejì ni àkókò, ìyẹn ò nílò àlàyé. Ẹ̀kẹta ni ewu. Nínú oṣù Kẹta, ọdún 2016, àwọn ọ̀daràn rí ọ̀nà wọ inú ètò ìpolówó tó ń gbé ìpolówó kiri. Ìpolówó wọn sì jáde lórí ojú òpó àwọn gbajúmọ̀ bíi BBC, The New York Times àti AOL, pẹ̀lú kóòdù tó lè ti gbogbo fáìlì inú kọ̀ǹpútà pa, kí wọ́n tó wá máa béèrè owó ìtúsílẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn yẹn kọ́ ló ṣe é, àwọn gan-an kò mọ ẹni tó ń gba àyè tí wọ́n yá lò. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹni ńlá, ẹ ro ti àwọn ojú òpó tí wọ́n ti ń gba orin àti fíìmù lọ́fẹ̀ẹ́, níbi tí bọ́tìnnì ayédèrú tó ní "Download" lára ti máa ń pọ̀ ju ojúlówó lọ.

Bí àwọn òǹkàwé ṣe gba ara wọn sílẹ̀

Ẹni tí wọ́n ń fi ariwo dí létí yóò wá ilẹ̀kùn tì. Lọ́dún 2004, ohun méjì ṣẹlẹ̀ tó já agbára pop-up: Microsoft fi ìdènà rẹ̀ sínú Internet Explorer ní oṣù Kẹjọ, Firefox àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù Kọkànlá pẹ̀lú ìdènà tirẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo àwọn búráúsà tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wá le ju ìyẹn lọ ni ohun tí wọ́n ń pè ní ad blocker, ìyẹn adènà ìpolówó. Lọ́dún 2002, ọmọ orílẹ̀-èdè Denmark kan, Henrik Aasted Sørensen, ṣe Adblock. Lọ́dún 2006, Wladimir Palant gbé Adblock Plus jáde. Lọ́dún 2014, Raymond Hill ṣe uBlock Origin, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ títí di òní. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye: wọ́n ní ìwé orúkọ àwọn àdírẹ́sì tí ìpolówó ti ń wá. Bí ojú òpó kan bá ní kí búráúsà lọ gbé nǹkan wá láti irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀, adènà yóò ní kó má lọ. Nítorí pé kò lọ gbé e rárá, dátà yín kò lọ sí i.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2015, Apple fàyè gba irú adènà bẹ́ẹ̀ lórí iPhone. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Opera fi tirẹ̀ sínú búráúsà rẹ̀, tó fi mọ́ Opera Mini, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa mọ̀ dáadáa nítorí pé ó máa ń fún dátà pọ̀ kó lè kéré.

Ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀

Àwọn tó ń fi ìpolówó jẹun kò kàn jókòó máa wòran. Lọ́dún 2011, eyeo, ilé iṣẹ́ tó ni Adblock Plus ní Jámánì, gbé ètò kan kalẹ̀ pé àwọn yóò jẹ́ kí ìpolówó tó bá mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní láti sanwó fún àyè náà. Àwọn aṣojú ìwé ìròyìn ní kí lèyí yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń di igi dínà tí wọ́n ń gbowó kọjá? Ilé iṣẹ́ Axel Springer gbé eyeo lọ sílé ẹjọ́. Nínú oṣù Kẹrin, ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Jámánì dá eyeo láre, ó ní òǹkàwé ló ń pinnu ohun tó fẹ́ rí. Springer tún padà wá lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, nínú oṣù Keje, ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kan náà sì dá ẹjọ́ yẹn padà sí Hamburg pé kí wọ́n tún un gbọ́.

Google náà dá sí i. Láti ọjọ́ 15, oṣù Kejì, ọdún 2018, Chrome bẹ̀rẹ̀ sí í dènà ìpolówó lórí ojú òpó tó bá ń lo àwọn èyí tó burú jù: fídíò tó ń dá pariwo, èyí tó ń yọ síni lójijì, èyí tó ní kéèyàn dúró kí aago ka tán. Àmọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ wà. Lọ́dún 2023, YouTube, tó jẹ́ ti Google, bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn tó ń lo adènà dúró kárí ayé. Láàrin 2024 sí 2025, Chrome yí ìlànà rẹ̀ padà, uBlock Origin kò sì lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ mọ́, bí kò ṣe èyí tó fúyẹ́ jù ú lọ, uBlock Origin Lite. Ẹni tó ń ta ìpolówó ló tún ni ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà wọlé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Adènà ìpolówó kì í mọ olóòótọ́ yàtọ̀ sí ọ̀daràn bí ẹ kò bá sọ fún un. Akọ̀ròyìn tó lọ dúró sínú oòrùn ní ilé ẹjọ́, ẹni tó ya fọ́tò, ẹni tó ṣàtúnṣe ìròyìn, owó oṣù wọn ń ti ara ìpolówó wá. Bí gbogbo òǹkàwé bá ti gbogbo ilẹ̀kùn pa, ìròyìn tó ṣeé gbára lé ni yóò kọ́kọ́ kú. Àwọn oníròyìn òfegè ni yóò kù, nítorí pé ìròyìn wọn kò ná wọn ní nǹkan kan. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹ dènà, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ọgbọ́n yan ẹni tí ẹ máa ṣílẹ̀kùn fún.

Ohun tí ẹ lè ṣe lónìí

1. Bí ojú òpó kan bá bi yín bóyá kí òun máa fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí yín, ẹ tẹ "Block", ẹ má tẹ "Allow". Ọ̀pọ̀ ìpolówó tó ń yọ lórí fóònù nígbà tí ẹ ò ka ohunkóhun, ibẹ̀ ló gbà wọlé.

2. Bí ẹ bá ti tẹ "Allow" tẹ́lẹ̀, ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ àmì tó-tó-tó tó wà lókè, ẹ wọ "Settings", lẹ́yìn náà "Site settings". Ẹ wo "Notifications", kí ẹ yọ gbogbo orúkọ tí ẹ kò mọ̀. Níbẹ̀ náà ni "Pop-ups and redirects" wà, ẹ rí i dájú pé ó wà ní títì.

3. Bí ẹ bá fẹ́ adènà lórí fóònù Android, Firefox ń gba uBlock Origin. Opera Mini àti Brave ní tiwọn nínú.

4. Bí ìpolówó bá bo ojú fóònù, ẹ má wulẹ̀ máa wá àmì X kiri. Ẹ pa ojú ìwé náà dé látinú búráúsà. Bí ó bá ní fáírọ́ọ̀sì ti wọ fóònù yín, tàbí pé ẹ ti jẹ ẹ̀bùn owó, irọ́ ni.

5. Ojú òpó ìròyìn tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, tí ìpolówó rẹ̀ kò ni yín lára, ẹ sọ fún adènà yín pé kó jẹ́ kí tirẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní àyè fún ìyẹn.

6. Fún ti ọ̀rọ̀ ìpolówó orí fóònù, ẹ kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442. Àjọ NCC ló pa á láṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ lọ́dún 2016.

Òfin náà ti ń jí. Láti oṣù Kẹfà, ọdún 2023, la ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa aráàlú lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Nínú oṣù Kejì, ọdún 2025, àjọ NDPC tó ń mójú tó o bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 32.8 dọ́là lé Meta, tó ni Facebook. Lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ń fi ìwà àti ìrìn àwọn èèyàn wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì polówó ọjà fún wọn láì gbàṣẹ. Oṣù Kẹwàá ọdún náà ni wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà nítùbí-ìnùbí.

Ẹ̀yin oníṣòwò ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń sanwó fún ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì, yálà aṣọ lẹ̀ ń tà ni o, oúnjẹ tàbí ilẹ̀. Kí ẹ tó sanwó mìíràn, ẹ bi ẹni tó ń bá yín ṣe é pé ojú òpó wo gan-an ni yóò ti jáde, ṣé yóò bo ọ̀rọ̀ mọ́ òǹkàwé lójú, ṣé yóò dá pariwo? Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nìkan tàn yín. Ẹni tó ń wá àmì X tó ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, oníbàárà kọ́ nìyẹn, ẹni tí inú ń bí ni, orúkọ yín ló sì wà níwájú rẹ̀. Iye àwọn tó pè yín tàbí tó rajà ni kí ẹ kà.

Alákàrà tó ń polówó kọjá lójú pópó láàárọ̀ kì í jalẹ̀kùn wọlé. Yóò fi ohùn dídùn pe ọjà rẹ̀, yóò sì máa lọ. Ẹni tí ebi ń pa ni yóò pè é padà. Bó bá wọ yàrá lọ jí èèyàn lójú oorun, tó tún gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ onílé, ilẹ̀kùn ni wọn yóò tì mọ́ ọn lọ́jọ́ kejì, bí àkàrà rẹ̀ bá tilẹ̀ dùn jù lọ ládùúgbò.